Ilé Keje Tí A Máa Ro ní Sátidé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyàwó mi ti ń sàn. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ bá a lára mu.

Ẹgbẹ́ Síkáòtù tí mò ń darí ń lọ pàgọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, àwọn ọmọ máa ro àgbàlá ní Sátidé fáwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn ò sí nítòsí. A pín fọ́ọ̀mù, méje ló padà wá. Ìkọ̀wé Màmá wa ló wà lórí ìkeje.

Mo lọ bá wọn. Mo ní, "Màmá, èmi tí mo wà nílùú yìí ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Síkáòtù, Sátidé wo lo ráyè rí? Ọ̀nà táwọn tó kù ń gbà rí ọ lèmi náà wá gbà."

Mi ò yọ orúkọ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kó tó di Sátidé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ, ṣọ́ yín bọ̀.

Àbúrò yín.

Mo gbàgbé: nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, kò sí koríko kankan nínú àgbàlá mọ́. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ro ó, wọ́n ní kójú má baà tì mí níwájú àwọn ọmọ náà.