Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ọbẹ̀ tí Wọ́n Ní Mo Tọ́ Wò Lẹ́ẹ̀mejì

Ojúlé Kẹtàlá,
Òpópónà Ìfẹ́dayọ̀,
Baṣọ̀run,
Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2025.

Akọ̀wé Àgbà,
Àjọ Ìdánwò Ìmọ́tótó Ilé Oúnjẹ,
Ring Road,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YỌ Ẹ̀ṢẸ̀ KEJÌ KÚRÒ LỌ́RÙN MI, KÍ Ẹ SÌ JẸ́ KÍ N TÚN ÌDÁNWÒ ÌDÁNÁ ṢE (NỌ́ŃBÀ ÌDÁNWÒ 047)

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ó ti ń bà mí lẹ́rù láti sọ. Òótọ́ ni olùdánniwò yín kọ nípa mi. Mo da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì lá a níwájú wọn, nínú ìdánwò tí ẹ fi ń wá ẹni tí yóò máa sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. N kò wá jiyàn. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lá a.

2. Èmi ni Abílékọ Ọmọ́fẹ́ Ikúbọlájẹ́. Ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń dáná ní ilé oúnjẹ Màmá Adégbóyè ní Bódìjà. Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tí ó wà nítòsí wa ni a ń se oúnjẹ ọ̀sán fún, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Orúnkún kò jẹ́ kí Màmá lè dúró pẹ́ nídìí iná mọ́, wọ́n sì ti ní èmi ni yóò máa bójú tó ilé ìdáná náà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kọ̀wé sí wa pé bí kò bá sí ẹnì kan láàrin wa tí ó ní ìwé-ẹ̀rí alábòójútó ìmọ́tótó oúnjẹ títí di ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, àwọn yóò gbé oúnjẹ àwọn ọmọ náà lọ fún ilé oúnjẹ mìíràn ní Challenge, èyí tí ó ti ní tirẹ̀. Àwa obìnrin mẹ́rin ni a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà bá lọ, kò sí ẹni tí a óò máa dáná fún mọ́.

3. N kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdánwò yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti jáde ní ilé-ìwé girama, láti ìgbà náà, ìwé tí mo ń kà kò ju ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yìn agolo mílíìkì lọ. Síbẹ̀ mo ka ìwé ìlànà yín, gbogbo ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, bí mo ti ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ará ilé mi ni ẹ lè bi. Ọkọ mi, Adéṣọlá, tí ó jẹ́ olùkọ́, ní òun kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́, nítorí mo ki tẹ̀mómítà bọ inú àsáró rẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́. Ìyá ọkọ mi ṣí fíríìjì, wọ́n rí i pé mo kọ déètì sára ẹ̀kọ wọn, wọ́n sì bi mí pé ọjọ́ ìbí ta ni. Mo gba máàkì méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nínú èyí tí a kọ sórí ìwé. Ó wà nínú fáìlì yín.

4. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá, a ṣe ti ìdáná ní gbọ̀ngàn kan ní Dùgbẹ̀. Àwa méjìlá ni, oníkálukú pẹ̀lú sítóòfù gáàsì tirẹ̀. Ọbẹ̀ adìyẹ ni wọ́n ní kí n sè. Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù ni olùdánniwò wa, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì sọ fún wa pé iṣẹ́ wolé-wolé ni àwọn ṣe títí àwọn fi fẹ̀yìn tì. Mo fọ ọwọ́ mi títí wọ́n fi bi mí bóyá ìwẹ̀ ni mo wá wẹ̀. Mo gé adìyẹ lórí pátákó pupa, mo gé ata àti àlùbọ́sà lórí ti aláwọ̀ ewé. Mo ki tẹ̀mómítà bọ itan adìyẹ níbi tí ó ti nípọn jù, ó ka méjìdínlọ́gọ́rin. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n fàmì sí pé ó dára. Mo rí bírò wọn bí ó ti ń lọ.

5. Lẹ́yìn náà ni ó kan ìtọ́wò. Ìwé yín sọ ní ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n pé ṣíbí tí ó bá ti wọ ẹnu kò gbọdọ̀ padà sínú ìkòkò. Tèmi kò padà, nítorí kò wọ ẹnu rárá. Láti ìgbà tí ìyá mi ti mú mi jókòó nídìí ààrò ní Ìkàrẹ́, bí a ti ń ṣe é nìyẹn: a ó gbọn ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, a ó lá a, ṣíbí yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láìfara kan ètè ẹnikẹ́ni. Ìmọ́tótó ni èmi kà á sí. Ọwọ́ mi ti ṣe é kí orí mi tó rántí obìnrin tí ẹ yà sínú ìwé náà, èyí tí ó mú ṣíbí méjì dání, ọ̀kan fún ìkòkò, ọ̀kan fún ẹnu, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti wá gbogbo ìwé náà já, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, n kò rí ibi tí ẹ ti dárúkọ àtẹ́lẹwọ́. Síbẹ̀ mo gbà pé ẹ̀bi mi ni.

6. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù mi orí, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sún mọ́ ìkòkò, ìtasánsán ọbẹ̀ sì gba imú wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí ni ẹ fi sí i?" Mo ní ewé ẹfinrin díẹ̀ ni, sà. Wọ́n gba bírò sí ọwọ́ òsì, wọ́n sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn síwájú mi. Ẹ̀yin Ọ̀gá, wọ́n tó bàbá tí ó bí mi. Àgbàlagbà na ọwọ́ sí mi, n kò mọ bí mo ṣe lè máa wò ó níran. Mo gbọn ọbẹ̀ sí i. Wọ́n lá a, wọ́n di ojú díẹ̀, wọ́n ní, "Iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n." Lẹ́yìn náà ni bírò padà sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì tún kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mark, tí ó ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Agbowó, wà nídìí sítóòfù tí ó tẹ̀lé tèmi. Ó rẹ́rìn-ín títí àlùbọ́sà rẹ̀ fi jóná. Ó ní òun ṣe tán láti jẹ́rìí.

7. Ìwé àbájáde dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé, "Ó da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ fún ìtọ́wò, ẹ̀ẹ̀mejì." Gẹ́gẹ́ bí ìlànà yín, ẹni tí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan pàdánù máàkì márùn-ún, ẹni tí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ti fìdí rẹmi. Àtẹ́lẹwọ́ méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni tèmi nínú wọn. Èkejì, ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù ni ó gbà lọ. N kò sọ pé wọ́n fi ibi ṣe é. Mo rò pé àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n sì gbàgbé láti wo ẹni tí ó ni ín.

8. Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ kejì tí ó dé. Obìnrin tí ó wà nídìí káńtà ṣe dáadáa sí mi. Ó ní ìdánwò ìdáná mìíràn kò sí títí di oṣù kejì ọdún tí ń bọ̀, àti pé kí n kọ lẹ́tà. Ó tún béèrè ìgbà tí a máa ń fi ẹfinrin sí ọbẹ̀. Mo sọ fún un pé ìgbà tí a bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ ni.

9. Ó ku nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé yín. Nígbà tí mo lá ọwọ́ mi tán, n kò fọ̀ ọ́. Èmi tí mo ti ń fọwọ́ láti àárọ̀, mo nù ún mọ́ ara épírọ́ọ̀nù mi, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù kò rí i, ìwé ni wọ́n ń kọ. Ọkọ mi ka lẹ́tà yìí, ó ní kí n yọ ibí yìí kúrò. Ó ní, "Ṣé wọ́n bi ọ́ ni?" Ẹ kò bi mí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí ó tẹ̀lé ìdánwò náà, mo fi épírọ́ọ̀nù náà kọ́ ẹ̀yìn àga láìtíì fọ̀ ọ́. Ọmọ mi, Inúolúwa, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, fà á wálẹ̀, ó ki etí épírọ́ọ̀nù náà bọ ẹnu, ó ń fà á mu, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbà á kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ka ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n tó ìgbà mẹ́wàá, ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ohun tí a bá gbé fún wọn ni wọn yóò ki bọ ẹnu.

10. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá yọ ẹ̀ẹ̀kejì kúrò, máàkì mi tó, n kò ní kí ẹ kàn gbé ìwé-ẹ̀rí lé mi lọ́wọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí ẹ tún ìwé àbájáde náà ṣe kí ó ka "ẹ̀ẹ̀kan," kí ẹ sì jẹ́ kí n tún ọbẹ̀ náà sè níwájú yín kí ó tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ní ọjọ́ tí ó bá wù yín, ní gbọ̀ngàn tí ó bá wù yín. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ fi gbólóhùn kan nípa àtẹ́lẹwọ́ sínú ìwé ìlànà náà, nítorí a pọ̀ ní Ìbàdàn tí ọwọ́ wa kò tíì gbọ́. Bí ó bá jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù náà ni ẹ óò rán wá, mo fara mọ́ ọn. Ṣíbí mẹ́ta ni n óò mú wá: méjì tèmi, ọ̀kan tiwọn.

11. N kò tíì sọ fún Màmá Adégbóyè pé mo fìdí rẹmi. Wọ́n bi mí ní àná bóyá ìwé náà ti dé, mo ní ó wà lọ́nà. Wọ́n ti ní kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ògiri fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọwọ́, níbi tí àwọn òbí àwọn ọmọ yóò ti lè rí i. Àràárọ̀ ni mo máa ń nu ìṣó náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n lè mọ ohun tí n óò sọ fún wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà mi dé ìparí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Ọmọ́fẹ́ Ikúbọlájẹ́ (Abílékọ),
Adáná, Ilé Oúnjẹ Màmá Adégbóyè, Bódìjà.