Ọ̀pá Ẹlẹ́sẹ̀ Kan àti Ohùn Màámi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Wọ́n ti dá ọjọ́. Òní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún, ni iṣẹ́ abẹ. Jẹjẹrẹ ti mú gògóńgò Màámi, dókítà ní oògùn ò ká a mọ́, yíyọ ló kù. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ̀mí á wà, ohùn ò ní sí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, Màámi ni wọ́n kọ́kọ́ lanu. Wọ́n ní kí n ya àwọn sínú fídíò, ṣebí iṣẹ́ mi nìyẹn, kí n tọ́jú ohùn náà kó tó lọ. Mo ní kò sí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Kọmíṣọ́nnà, torí àṣẹ pípa — ó ní kí n parí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ṣèlérí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Tíráípọ́ọ̀dù, ọ̀pá kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ò ṣeé lò níbẹ̀. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Màámi: máṣíìnì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tábìlì ìgéṣọ láàárín, àjákù aṣọ lábẹ́ ohun gbogbo. Ibi tí wọ́n ń gbà kọjá ò gba ju ènìyàn kan lọ. Mo gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta síbẹ̀, Màámi fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ ló kù kó fọ́.

Mo wá ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó wá ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Màámi ò lè sọ̀rọ̀ bí aṣọ ò bá sí lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bá wa wí, ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pa wá lẹ́rìn-ín, ìdí iṣẹ́ náà ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé Bàámi ti kú. Wọ́n á ti ìdí máṣíìnì bọ́ sídìí áyọ́ọ̀nù, ẹnu ò ní dúró. Èmi náà gbọ́dọ̀ máa rìn tẹ̀lé wọn.

Kí n kúkú fi ọwọ́ gbé kámẹ́rà. Mi ò lè ṣe é. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé: ọwọ́ ọ̀tún mi tó ṣẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó jinná lójú ni, kò jinná nínú. Bí mo bá fi gbé kámẹ́rà yẹn fún ìṣẹ́jú kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀yìn tíráípọ́ọ̀dù ni mo ń sá sí láti ìgbà náà. Bí oníbàárà kan bá fi lè mọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ bá Alága. Òun ló ń ta irinṣẹ́ kámẹ́rà lẹ́yìn báǹkì. Mo sọ ọ́ ní Alága torí kì í dìde lórí àga. Igi gígùn kan ló fi ń fa ọjà sílẹ̀ látorí pẹpẹ. Mo ní mo ń wá mónópọ́ọ̀dù, ọ̀pá kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ó ní kí ni mo fẹ́ yà. Mo ní obìnrin kan tó ń ránṣọ. Mi ò sọ pé ìyá mi ni.

Ó ní ọ̀pá ju ọ̀pá lọ. Ṣé á lè gbé kámẹ́rà àti léǹsì pọ̀? Ṣé á ga dójú mi, kí n má baà máa tẹ̀ bí arúgbó? Ṣé ó ní ọmọ ìka mẹ́ta nísàlẹ̀ tí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀? Orí ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń yí jẹ́jẹ́ àbí ó ń fò? Alága fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju oúnjẹ lọ. Ó ní torí pé ojú ti mọjú, kí n máa mú wọn lọ dánwò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mi ò lè yan bàtà nínú méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Àkọ́kọ́: Tín-ín-rín. Ó fúyẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Kò jẹ́ kí àwòrán lọ sókè sódò mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀mùtí. Ó já kulẹ̀.

Mo pa gbogbo fídíò ìdánwò rẹ́ kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi há mi lórí: ìdánwò ò gbọ́dọ̀ sùn nínú káàdì kámẹ́rà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Kọmíṣọ́nnà pè. Ṣé mo ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní mo ṣì ń wá ọ̀pá. Ó gé fóònù mọ́ mi létí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìkejì: Òmìrán. Ó ga, ó wúwo, ó ní ọmọ ìka mẹ́ta, orí ẹ̀ ń yí bí ẹni fòróró pa á. Mo ní mo ti rí i. Mo tẹ kámẹ́rà, Màámi ń ran kọ́là lọ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn nígbà tí ìrọbí mú àwọn, pé àwọn ò gbé e sílẹ̀ títí àwọn fi parí ọrùn aṣọ náà, torí oníbàárà fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní mo jáde gbẹ, mo rí tẹ́ẹ́rẹ́, ni àwọn fi sọ mí ní Abẹ́rẹ́. Àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wúkọ́, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí wọ́n ṣe tán ni mo wo àwòrán. Ó ń gbọ̀n wínníwínní. Ọwọ́ mi kọ́ lọ́tẹ̀ yìí: ilẹ̀ pákó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, máṣíìnì ń mi pákó, pákó ń mi ọ̀pá, ọ̀pá ń mi kámẹ́rà. Inú bí mi gan-an. Mo dúró níbẹ̀ níwájú wọn, mo pa á rẹ́, mo kó ẹrù mi, mo lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi láàárọ̀ yìí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ìtàn ìbí mi. Mo pa á rẹ́.

Mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń gba fídíò tí a ti pa rẹ́ padà ni mo ti dán wò. Mo ti ya nǹkan mìíràn lé káàdì náà lánàá, fún ọkùnrin kan tó ń polówó bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì ló wà níbi tí ohùn ìyá mi wà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo jẹ́wọ́ fún Kọmíṣọ́nnà. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n bẹ Màámi kí wọ́n tún un sọ.

Mo dọ́gbọ́n sí i. Mo sọ fún Màámi pé mi ò gbọ́ ìtàn ọjọ́sí dáadáa, ṣé wọ́n lè tún un sọ. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ọ̀fun ń dun àwọn. Òótọ́ ni, ohùn wọn ti ń há láti àná, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń jáde. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ilé ìwòsàn pè. Kókó jẹjẹrẹ náà ń yára dàgbà, wọn ò lè dúró di ọjọ́ kẹtàlélógún mọ́. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí ni. Ọjọ́ mẹ́rin péré.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Alága. Ìkẹta wà nílẹ̀, Onírọ́bà: rọ́bà tó nípọn ni wọ́n fi ṣe ìdí ẹ̀, kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n ilẹ̀ gòkè. Mo ṣì ń béèrè bóyá ibi tí wọ́n ti ń tì í máa ń yọ̀, Alága ní kí ló ń lé mi. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó dìde. Ọdún mẹ́sàn-án, mi ò rí i kó dìde rí. Ó kó ọ̀pá náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ, kí n má yan nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ọkàn, ká tò síbí, ká tò sọ́hùn-ún. Ọjọ́ kan lọ báyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó rẹ Màámi, wọ́n sùn títí. Kọmíṣọ́nnà wá. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ṣèlérí, ọ̀la ló pé. Bójú bá yẹjú, kóhùn má yẹhùn. Mo ní ọ̀la ni n ó ṣe é. Ó ní gbogbo ìgbà ni mò ń ní ọ̀la. Ó ní ọ̀pá ni mò ń tọ́jú látọjọ́ yìí, kì í ṣe ìyá wa. Mo fèsì. Èsì náà ò dáa, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá ṣì ń yan ọ̀pá, ó dà bíi pé ọjọ́ tí n ó yà wọ́n kẹ́yìn ò tíì dé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Aago mẹ́jọ àárọ̀, a ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Onírọ́bà dúró gbọn-in. Àwòrán ò mì rárá. Mo ki ìgbọ́hùn bọ etí — máṣíìnì nìkan ni mò ń gbọ́. Ohùn Màámi ti di wúyẹ́wúyẹ́, ẹnu wọn ń lọ, nǹkan kan ò wọlé. Máíkì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn aṣọ, wọn ò lè fara dà á. Ohunkóhun tó bá kan ọrùn yẹn ń dùn wọ́n. Mo ní kí wọ́n pa máṣíìnì. Wọ́n pa á, ọ̀rọ̀ náà sì kú. Wọ́n tàn án, ọ̀rọ̀ padà, ariwo padà.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ ran nǹkan. Wọ́n mú aṣọ funfun kan, wọ́n jókòó lórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń ṣẹ́ etí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní láti sún mọ́ ẹnu wọn, Onírọ́bà ò sì kúrú tó. Mo tẹ̀ ẹ́ wọnú ara ẹ̀ títí, ó ṣì ga ju orí wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi àti Alága fi ń sọ bí ọ̀pá ṣe ga tó. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan bó ṣe kúrú tó.

Mo tú kámẹ́rà kúrò, mo fọwọ́ gbé e. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ yíjú kí wọ́n má baà rí i, wọ́n ti rí i. Wọ́n fọwọ́ gbá èjìká ara wọn, wọ́n ní kí n gbé e síbẹ̀. Mo ní ó wúwo. "Abẹ́rẹ́, gbé e síbí. Mo ti mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ò jinná. Ọdún méjì rèé tó ò bá mi fi okùn bọ abẹ́rẹ́ mọ́."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo gbé kámẹ́rà lé èjìká òsì wọn, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Ó dúró. Ó kàn ń gòkè, ó ń sọ̀ bí wọ́n ṣe ń mí. Ojú wọn ò hàn níbẹ̀: ọwọ́ méjì, abẹ́rẹ́, aṣọ funfun, àti ohùn yẹn létí máíkì. Mi ò tún tọrọ ìtàn náà. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìrọbí, kọ́là oníbàárà, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, wọn ò fo nǹkan kan. Wọ́n sọ ti Kọmíṣọ́nnà náà, wọ́n sọ ti Bàámi. Ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n já okùn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Mo ní àmín. Mo sunkún sẹ́yìn aṣọ wọn, mo mọ̀ pé ó wà nínú fídíò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wákàtí mẹ́sàn-án. Wọ́n jí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Dókítà gbà kí Màámi jókòó lónìí. Màámi kọ̀ bírò tí nọ́ọ̀sì fún wọn, ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ àti aṣọ dúdú kan ni wọ́n ní ká gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù, orí ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Mo gbé kámẹ́rà lé wọn nítan, mo fi fídíò náà hàn wọ́n. Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn títí dé ìparí, ojú wọn ò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì.

"Má pa èyí rẹ́."

Mo wo Kọmíṣọ́nnà, ó mi orí: òun kọ́ ló sọ. Èmi náà ò sọ. Ìgbà náà ni mo rántí pé iwájú wọn gan-an ni mo dúró sí lọ́jọ́ Òmìrán tí mo pa ìtàn náà rẹ́. Wọ́n rí mi. Wọ́n mọ̀ látọjọ́ náà, nígbà tí mo wá ń purọ́ pé mi ò gbọ́ dáadáa, wọ́n mọ̀. Wọ́n sì tún fi ọ̀fun yẹn sọ gbogbo ẹ̀ fún mi látìbẹ̀rẹ̀.