Ijó Tí Qaosarat Jó Lọ́jọ́ Tí A Sin Ìyá

Ilé Ẹlẹ́pà,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláásí,
Àpòmù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ṣìkẹ́mi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Mìnà níbẹ̀ yẹn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara gbogbo wọn le? Ẹ̀kọ́ tó o tún padà lọ kọ́ lọ́jọ́ alẹ́ yìí ńkọ́, ṣé kò tíì fọ́ ọ lórí? Má bínú, ẹnu mi ni. O kúkú mọ̀ pé bí mi ò bá tíì bú ọ, mi ò tíì kí ọ. Mo kí ọ kú ọyẹ́, mo kí ọ kú iṣẹ́ ilé, mo kí ọ kú ìmúrasílẹ̀ ìdánwò.

Ó yẹ kí n sọ pé àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Mi ò lè kọ ọ́. Ìyá mi ti kú, Ṣìkẹ́mi. Ìyá Sàlámọ̀tù, tí wọ́n máa ń ká ọ mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, dípò kí wọ́n nà ọ́, wọ́n á ní kó o bu ẹran sí i. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Mo mọ̀ pé inú á bí ọ pé o kò gbọ́. Jọ̀ọ́, rọra bínú, kà á dópin kó o tó dá mi lẹ́jọ́.

Mo gbìyànjú láti pè ọ́. N ó tẹ nọ́ńbà rẹ, n ó tún pa á. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Lùkúmọ̀n tó ń kó ọsàn lọ sí Mìnà ló máa gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ, òun pẹ̀lú dòdò Ìkirè tí mo fọwọ́ ara mi dín. Ka lẹ́tà kó o tó jẹ dòdò o, mo mọ̀ ọ́ dáadáa.

O rántí Qaosarat, ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi Nùrúdíìnì, tó ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ọmọ tó máa ń fi ọsàn tó ṣubú gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìnkùlé, tí yóò gbá a mọ́ ìkòkò omi. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkirè ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, lọ́wọ́ Kóòṣì Akínṣọlá tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi yarí kanlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Mùsùlùmí kò ní máa fi péńpé sáré kiri lójú ọkùnrin. Ìyá ní bó bá jẹ́ ti ìyẹn ni, kò le. Wọ́n ra ṣòkòtò dúdú tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ní kó máa wọ̀ ọ́ sábẹ́ péńpé, wọ́n ní kí télọ̀ rán ìborí kékeré tí kò ní já bọ́. Wọ́n wá bi Ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló tún kù.

Ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi mú un mọ́ àwọn tó máa ṣojú gbogbo ẹkùn wa, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá o, nínú ìdíje àwọn ọmọbìnrin láàárín ẹkùn kan sí èkejì. Bìní ni wọ́n ti gbá a. Àwọn ará Ìkirè ní ọmọ Ìkirè ni, pápá tàwọn ló ti kọ́ ọ. Àwa ní irọ́ ni, omi Àpòmù ló mu dàgbà. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti bá oníbàárà mi kan jà lójú títì, tí kò ra dòdò lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ohun kan wà tí òun àti Ìyá máa ń ṣe. Kí Qaosarat tó wọ pápá, ibi yòówù kó wà, ó gbọ́dọ̀ pe Ìyá. Ìyá á ṣàdúà sí i létí, òun á máa ṣe àmín, àmín, títí Ìyá á fi ní ó tó, máa lọ. Bó bá sì ti gbá góòlù wọlé, ijó Ìyá ló máa ń jó. O mọ̀ pé orúnkún òsì Ìyá ti ń dùn wọ́n tipẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi ń jó, wọ́n á fọwọ́ di ìbàdí mú, wọ́n á máa tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí kò rí àga. Ọmọ burúkú yẹn kọ́ ọ pátá. Ìyá á ní, “Ọlọ́run á mú ọ, ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ayé,” wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n lu ikọ̀ kan, wọ́n lu òmíràn, wọ́n dé àṣekágbá. Ta ni wọ́n sì máa bá pàdé bí kò ṣe àwọn ọmọ ẹkùn ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn! Ìyá ní kí n pè ọ́, kí n sọ fún ọ pé kó o múra ẹkún sílẹ̀. Mo ní n ó pè tó bá dìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àṣekágbá náà, ní aago mẹ́rin.

Láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, Ìyá kírun àsúbáà, wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n ní kí n bá àwọn yọ aṣọ funfun tí àwọn máa wọ̀ nírọ̀lẹ́, pé àwọn ò ní fi àkísà gba ife. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àyà àwọn wúwo, kí àwọn na ẹ̀yìn díẹ̀. Mo jáde lọ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé láti bi wọ́n bóyá kí n bu omi wá, wọn ò dá mi lóhùn. Mo pè, mo pè, mo ki oríkì wọn. Wọ́n ti lọ. Ìná lílàáhì. Ìyá mi, tí kò ni mí lára rí.

O mọ̀ bí tiwa ti rí, a kì í gbé òkú kalẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la máa sin wọ́n, ẹni tó bá bá a bá a. Bí ọmọ náà bá tiẹ̀ gbéra láti Bìní lójú ẹsẹ̀, kò lè bá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi bá kó gbogbo ilé jọ, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fún un. A kì í fi ọ̀rọ̀ òkú ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Wọ́n ní bó bá gbọ́, tó já síta, tó kó sọ́kọ̀ tí kò mọ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tó bá wọn jiyàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Wọ́n pe Kóòṣì Akínṣọlá tó wà pẹ̀lú wọn ní Bìní, òun náà ní òun gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò nílẹ̀ tí fóònù Ìyá fi dún. Qaosarat ni, ó tètè pè torí pé wọ́n máa gba fóònù lọ́wọ́ wọn kó tó di aago mẹ́rin. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo dúró sí, àwọn obìnrin ń wẹ Ìyá lẹ́yìn aṣọ tí a ta. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù sí mi létí, wọ́n fi ojú bẹ̀ mí. Mo ní Ìyá ń sùn. Ó ní kí n jí wọn. Mo ní oorun náà ti wọ̀ wọ́n lára. Háà, Ṣìkẹ́mi, irú ẹnu wo ni mo ní yìí! Ó ní kí èmi wá ṣàdúà fún òun nígbà náà. Mo ṣe é. Mo ń ṣàdúà, ọmọ náà ń ṣe àmín. Ló bá ní, “Àǹtí, omi kí ni mò ń gbọ́ yẹn?”

Mo ní, “Aṣọ ni mò ń fọ̀.”

Ó ní kí n fi ti Ìyá sílẹ̀, òun á fọ̀ ọ́ bí òun bá dé.

A ti itẹ́ dé, èrò kún àgbàlá, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wa, nígbà tí fídíò wọlé sórí fóònù Ẹ̀gbọ́n mi. Góòlù kan ṣoṣo ló jẹ́ kí wọ́n gba ife, Qaosarat ló sì gbá a sáwọ̀n. Ó sáré lọ sí igun pápá, ó fọwọ́ di ìbàdí mú, ó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń jó ijó Ìyá, ó ń nawọ́ sí ẹni tó ń yà wọ́n, ó ń pariwo Ìyá, Ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi tí mi ò rí omi lójú wọn látàárọ̀, wọ́n fi agbádá bojú, wọ́n sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé. Àwọn ọlọ́kadà Ìkirè lọ pàdé wọn lójú títì, wọ́n ń fọn fèrè títí wọ Àpòmù. A ti bẹ àwọn náà pé kí wọ́n má sọ. Èèyàn á rò pé odidi ìlú kò lè dákẹ́. Ìlú dákẹ́ o. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọn ò wo ojú rẹ̀. Ó sáré kọjá lára mi, mẹ́dàlì ń mì lọ́rùn rẹ̀, ó ń ké pé, “Ìyá oníjó, ẹ wá gba tiyín!” Ó ṣí yàrá. A ti ká ẹní, a ti da ojú búùtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá dé. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n sọ fún un.

Mo rò pé á figbe ta. Kò ké rárá. Ó bi bàbá rẹ̀ pé ọjọ́ wo ni. Wọ́n ní Jímọ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Àǹtí, omi ọjọ́ yẹn, ṣé Ìyá lẹ̀ ń wẹ̀?”

Kí ni kí n wí? Ìwọ náà sọ fún mi, kí ni kí n wí?

Lẹ́yìn náà ló tó sọ èyí tó ń dùn ún. Ó ní òun ò bínú pé a kò dúró de òun, òun mọ bí ìsìnkú wa ti rí. Ó ní bí a bá sọ fún òun, òun ì bá gbá bọ́ọ̀lù náà nítorí Ìyá. “Ṣùgbọ́n n kì bá tí jó. Ẹ wà níbí, ẹ̀ ń sin Ìyá, ẹ jẹ́ kí n máa jó. Gbogbo ayé ló sì rí i.” Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá bọ́.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Kóòṣì Akínṣọlá wá sílé. Wọ́n ti pe Qaosarat sí káǹpù ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣa àwọn ọmọbìnrin tó máa ṣojú Nàìjíríà. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa wọlé. Gbogbo wa ń ṣe alihamudulilahi, àfi òun. Ó ní òun ò lọ. Kóòṣì bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá rẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́, ohun tí mi ò rí rí, kí Nùrúdíìnì máa bẹ ọmọ. Ó wojú gbogbo wa, ó ní, “Bí mo bá lọ, ta ló tún máa kú tí ẹ ò ní sọ fún mi?” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti lọ ta dòdò ní Ìkirè, á máa pè mí ṣáá. Kò ní nǹkan tó fẹ́ sọ, ohùn mi ló fẹ́ gbọ́. Ó ti ju bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá, tòun ti ẹrẹ̀ Bìní.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ní kó sìn mí lọ sí Wásinmi. Ìyá tìrẹ la lọ kí, torí wọn ò lè wá bá wa kẹ́dùn. Ṣìkẹ́mi, bí o bá wà lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó sí. Ìyá rẹ ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ látìparí oṣù Kẹsàn-án. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra, ẹnu wọn sì wúwo. Enoch àbúrò rẹ ló ní kí a má sọ fún ọ títí o fi máa ṣe ìdánwò tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tó o bá pè, á ní wọ́n wà lóko kòkó. Àwa tó kù sì gbà bẹ́ẹ̀ fún un.

Ìyá rẹ fọwọ́ òsì di Qaosarat mú, wọ́n ń pè é ní Ṣìkẹ́mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Èmi kọ́ o, mà. A máa sọ fún wọn, wọ́n á wá.” Mo ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a jáde, tí à ń dúró de ọkọ̀ létí títì, ó bi mí bóyá Àǹtí Ṣìkẹ́mi mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ìdánwò, Enoch, ọ̀nà jíjìn, ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, “Àǹtí, aṣọ lẹ tún ń fọ̀ yẹn.”

A dé Àpòmù, mo tẹ nọ́ńbà rẹ, mo tún pa á.

Ìyá rẹ wà láàyè, Ṣìkẹ́mi. Wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀, dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ara wọn bọ̀ sípò, kò sì búra. Ibi tó dé nìyẹn, mi ò fi ohunkóhun pamọ́. Bóyá o máa ṣe ìdánwò kó o tó wá, bóyá o máa wá kó o tó ṣe é, ìwọ lo mọ̀. Ṣáà ti mọ̀. Bí inú bá ń bí Enoch, kó wá bá mi nídìí agbada dòdò mi, èmi àti ẹ̀ ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní kó o má bínú sí àwọn. Qaosarat náà kí ọ. Òun ló máa mú lẹ́tà yìí lọ bá Lùkúmọ̀n ní gáréèjì, kò jẹ́ kí n fi rán ẹlòmíì. Ó gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó kà á, ó bi mí bóyá ó ku nǹkan tí mi ò tíì kọ. Mo ní kò kù. Ó wọ yàrá Ìyá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bí mo ti ń kọ èyí, mò ń gbọ́ omi níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ ló ń fọ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí kò ní purọ́ fún ọ mọ́,

Soliat.