Àkàsọ̀ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkọ̀ Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ẹ ń jẹun lásìkò, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin? Ara tiwa le koko. Ìlú etíkun tí èmi àti bàbá yín fi ọkọ̀ ojú omi wa yà sí yìí dára gan-an. A kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni, a ṣì wà níbí.

Tí omi òkun bá fà sẹ́yìn, ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, àkàsọ̀ tí a fi ń gun èbúté á wá ga bí òrùlé. Èmi ń gùn ún lọ ra búrẹ́dì. Bàbá yín ní ìlú náà ò wu òun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kò tíì fẹ́ di nǹkan mú láti ọjọ́ tó ṣàdédé ṣubú nínú ọkọ̀, mi ò sì mọ ọkọ̀ yìí wà. Mo ní kí n pe dókítà, ó ní, "Ìyá wọn, ṣé o fẹ́ sọ mí di arúgbó ni?" Ó ní mi ò gbọdọ̀ da yín láàmú. Nítorí náà, mi ò sọ nǹkan kan o.

Ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá wo òkun, bíi pé ó kàn wù ú. Kí ó wọ bàtà tí kì í yọ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló lè gbé bàbá yín gun àkàsọ̀ yẹn. Kí ó má pẹ́ o.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Ẹ máa ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó sùn.

Èmi ìyá yín.