Ìkòkò Ìrẹsì ní Ẹnu Géètì

Banjul, oṣù kẹjọ, ọdún 1975

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti àgọ́ àwa kádẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ara mi le, àmọ́ Bàbá fẹ́ẹ́ fi ìtìjú pa mí. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń gbé ìkòkò ìrẹsì wá sí ẹnu géètì bárékè lójoojúmọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn ò mọ oúnjẹ sè. Ti ọjọ́ kìíní jóná, tọjọ́ kejì ò ní iyọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti dé ni Sájẹ́ńtì Yusupha máa ń ní kí n sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. A ń jẹun níbí."

Wọ́n ní, "Ta ni kí èmi wá máa bá jẹun nílé?"

Lánàá, àwọn ọ̀gá wa fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré gbé wa gòkè. Mo rí ìlú Bakau àti ọkọ̀ àwọn apẹja lójú òkun. Ó dùn mọ́ mi gan-an ni. Nígbà tí a balẹ̀, Bàbá dúró ní géètì, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní eruku ló kó sí i. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni o!

Ìyá mi, oṣù mẹ́fà tí ẹ ti bínú lọ sílé àwọn òbí yín yìí ti pọ̀ jù. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ kí Mùtíàt àbúrò mi. Bàbá náà kí yín, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ̀wé.

Ọmọ yín,
Rájí