Ìlà Wíwọ́ Inú Orin Bàbá

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọ̀kun o,

Mo ti dìde nídìí kọ̀ǹpútà yìí tó ìgbà mẹ́wàá láti àárọ̀. Ooru àdúgbò Ganaja yìí kò jẹ́ kí ènìyàn gbádùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru ló ń lé mi dìde. Orin yín ni, èyí tí ẹ fi bírò kọ, tí ẹ kò gbọ́ kí akọrin kọ rí kí ẹ tó lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, tí yóò pé ọdún kan tí ẹ kú, wọn yóò kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gbé ẹni tó gba ipò yín nídìí dùùrù lọ ṣiṣẹ́ ní Kàbà, nítorí náà kọ̀ǹpútà ni yóò tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Èmi ni mo gbà láti da nóòtì rẹ̀ kọ sínú ètò ìkọ-orin orí kọ̀ǹpútà. Ta ló tilẹ̀ rán mi níṣẹ́?

Ẹ má bínú sí mi. Níwájú ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀dù, níbi tí ohùn mẹ́ta mẹ́rin ti wà lórí ara wọn, ẹ fa ìlà kan tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rántí bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n nígbà àìsàn yẹn, tí tíì ń dà sórí àwo, mo sì rò pé bírò ló ń yọ̀ lọ́wọ́ yín. Mo yọ gbogbo wọn kúrò. Mo ní mò ń tún un ṣe fún yín. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Mo gbé e lọ bá Màmá ní Otokiti kí wọ́n gbọ́ ọ. Gbogbo kọ́ọ̀dù ń dún gbì, gbì, bí ẹni ń fìbínú ti ilẹ̀kùn. Màmá gbọ́ díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé orúnkún, wọ́n ń tẹ ìka wọn mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọmọńdinrín dé àtàǹpàkò. Bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ohùn ìsàlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn akọrin báàsì wa tí kò mọ nóòtì lè rí ohùn tiwọn mú kí ìyókù tó dé; ohun tí ìlà wíwọ́ náà ń sọ nìyẹn. Ọdún mélòó ni mo fi jókòó tì yín tí n kò wo ọwọ́ yín?

Mo dá àwọn ìlà náà padà. Wọ́n hàn lójú ìwé, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dún gbì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kí n tó rí àpótí kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máàkì kí ìlà náà tó lè dún, àti nọ́ńbà tó ń sọ bí yóò ṣe yá tó. Ó kọ́kọ́ sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mo dín eré rẹ̀ kù, mo tún dín in kù. Nígbà tó wá dún bíi tiyín, inú mi dùn, ó sì tún dùn mí.

Kọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ti kọ ojú ìwé yẹn. Ìlà wíwọ́ wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló wọ́, títí kan Àmín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó dún ni, àbí ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n? Màmá náà kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fi í sí, tí mo tún yọ ọ́.

Mo ti jẹ́ kí ìlà náà wà níbẹ̀ báyìí, Bàbá, mo sì fa dídún rẹ̀ gùn ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ó dára. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n, kí gbogbo ìjọ dúró dè é.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì lè jókòó.