Ọjọ́ Tí Ìlú Orí Òkè Pàtẹ́wọ́ fún Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi kéde fún ìwé yìí, kí ó sì fi ọkàn akin gbà á: àga onígbàjámọ̀ ìlú wa ti kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà.

Mi ò ṣeré. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni àga yẹn ti ń dojú kọ ọ̀nà. Ẹni tó bá jókòó sórí ẹ̀ á máa kí àwọn tó ń kọjá, àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á bá a dá sí bó ṣe yẹ kí irun náà rí. Irun gígẹ̀ kọ́, ìpàdé ìlú ni. Lónìí mo ti ìgboro dé fún ìsinmi mi, mo yà síbẹ̀ kí n tó délé, ògiri ni wọ́n kọjú mi sí. Mo ń wo ògiri, ògiri ń wò mí. Kò sẹ́ni tó bú irun mi.

Gómìnà ni mo sọ onígbàjámọ̀ yìí láti kékeré, torí kò sẹ́ni tí kì í tẹrí ba fún un. Mo ní ẹ̀yin Gómìnà, kí ló dé? Ó ní páálí ló gba iwájú. Páálí kí ni? Ó ní ẹrù. Ẹrù ń lọ síbo? Ó dá abẹ dúró sétí mi. Ó ní, "Màmá ẹ ò tíì sọ fún ẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òótọ́ ni. Ìlú wa ń kó lọ. Kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe ilé kan. Ìlú odindi. Ìjọba fẹ́ fọ́ òkè tá a ń gbé lórí ẹ̀, òkúta ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe títì. Wọ́n ti kọ́lé fún gbogbo wa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, létí ọ̀nà ńlá. Omi ẹ̀rọ wà nínú gbogbo ẹ̀.

Ibi tí Màmá ti ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ ló ti sọ ọ́ fún mi. Kò gbójú sókè. Bí ẹni ń sọ pé ọṣẹ tán nílé. Mo ní ẹ ò sọ fún mi lórí fóònù. Ó ní, "Kí n sọ fún ẹ, kó o lọ fi ṣẹ̀fẹ̀ lórí rédíò kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà?"

Ó mú mi síbi tó dùn mí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ jáde ní Pólì, àmọ́ iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ rédíò ìgboro gbà mí sí ni kí n máa fi ìlú mi pa wọ́n lẹ́rìn-ín láràárọ̀. "Ìlú kan wà tó jẹ́ pé tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ìlú kejì ló ti máa lọ gbé e." Irú ẹ̀. Ìlú yìí ló ń bọ́ mi. Mi ò bá wọn dá a pé kí wọ́n gbé e kúrò níbi tó wà.

Ara mi bù máṣọ. Mo jáde lọ wá ẹni tá a ó jọ banú jẹ́. Mi ò rí. Oníbúrẹ́dì ń kọrin níwájú ààrò ẹ̀. Ó ní, "Ààrò oníná ni mo máa lò níbẹ̀ o, ọmọ rédíò! Èéfín ò ní pa mí lójú mọ́." Ó fún mi ní búrẹ́dì kan fún ayọ̀. Mo gbà á. Ìbànújẹ́ kì í dí ọ̀nà ọ̀fun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo bínú. Mo jẹ búrẹ́dì. Mo tún bínú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Màmá mú mi lọ wo ilé tuntun. Wọ́n tò ó gbọọrọ bí eyín ẹni tí kò rẹ́rìn-ín rí. Gbogbo ẹ̀ bákan náà. Tí èèyàn bá mutí díẹ̀, ìyàwó oníyàwó ló máa kí ẹ káàbọ̀.

Màmá wọlé, kò wo yàrá, kò wo òrùlé. Ẹ̀rọ omi ló lọ bá. Ó ṣí i. Ó tì í. Ó tún ṣí i. Ó na ọwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ń rin lábíyá. Mo ní fèrèsé yàrá ìránṣọ yín, ògiri aládùúgbò ló kọjú sí. Ó ní, "Ṣé fèrèsé ni mo fẹ́ máa rán ni?"

Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Òun náà ò sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn òkúta tó lọ sókè sí ìlú wa. Mo rò pé ó ń bá mi bínú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo rìn gbogbo ìlú já. Kì í gba àkókò. Mo fọwọ́ kan irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn — ọwọ́ àwọn èèyàn ti jẹ́ kó dán bíi ṣíbí ilé àlejò. Mo jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ tó wà ní agbedeméjì, ibi tá a ti máa ń yọ̀ lórí páálí wálẹ̀. Mo gbọ́ bí Gómìnà ṣe ń pọ́n abẹ. Mo gbọ́ bí oníbúrẹ́dì ṣe ń bá ọkọ ẹ̀ jà, mo sì mọ ẹni tó máa borí. Ògiri kan wà tí mo fi èédú ya imú tíṣà wa sí. Imú náà ṣì wà, tíṣà ti kú.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo fẹ́ràn ibí. Èmi gan-an ò gbọ́ rárá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ìgbìmọ̀ ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́rú láti gbọ́ tẹnu ẹni tó bá ní nǹkan án sọ. Gómìnà ní àṣà ọ́fíìsì lásán ni. "Wọ́n á bi wá ṣé a gbà, a ó ní a gbà, wọ́n á mu omi, wọ́n á lọ."

Mo sọ fún Màmá pé èmi máa sọ̀rọ̀, pé mo máa ní kí wọ́n fi òkè wa sílẹ̀. Ó wò mí. Ó wo ẹ̀wù mi. Ó ní, "Sọ tẹnu ẹ. Àmọ́ bọ́ ẹ̀wù yẹn wá, bọ́tìnì kan ti já."

Ó rán bọ́tìnì náà. Ó lọ ẹ̀wù náà. Mo gbà pé ó ti gbà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mi ò mọ ibi tí mo máa gbà kọ ọ́.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Bẹ́ńṣì kún. Alága ìgbìmọ̀, baba kan tó fi gíláàsì sí orí imú, bi wá bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ sọ. Mo dìde. Mo ti kọ ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ dáadáa tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kò jáde. Nǹkan mìíràn ló jáde.

Mo ní àárín àtẹ̀gùn wa jìn nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ti gùn ún kí wọ́n tó bí wa. Mo ní níbí, a máa ń mọ ẹni tó ń bọ̀ látinú ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó yọjú. Mo ní nígbà tí mo sọnù ní kékeré, èmi nìkan ni kò mọ ibi tí mo wà; fèrèsé kan ń sọ fún fèrèsé kejì títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ Màmá. Mo ní tí kùrukùru bá bo ìsàlẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń dà bíi pé àwa nìkan la kù láyé, kò sì sẹ́ni tí ẹ̀rù ń bà. Mo ní òkúta pẹlẹbẹ tó wà ní agbedeméjì àtẹ̀gùn, ìtẹ́ ọba ni. Mo ní ẹ má fọ́ ọ.

Mi ò dá ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo. Ó yà mí lẹ́nu ju bó ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu lọ.

Alága yọ gíláàsì. Gómìnà dìde, ó pàtẹ́wọ́. Oníbúrẹ́dì súfèé bí ọkùnrin. Gbogbo ilé dìde, ọmọdé àti àgbà, bẹ́ńṣì ń wó lulẹ̀. Màmá ló dìde kẹ́yìn, ó di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì mú kó tó lè nàró. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Mo sunkún. Èmi!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo jí pẹ̀lú orin lẹ́nu. Mo bá Màmá, ó ń kó àwo sínú páálí.

Mo ní Màmá, ẹ ò rántí àná ni? A ò lọ mọ́. Gbogbo ìlú ló gbà. Ó ní, "Ta ló gbà?" Mo ní ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́. Ó gbé àwo sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi dìde láàárín àwọn èèyàn ńláńlá, ó ń sọ̀rọ̀ bí omi tó ń ṣàn, kò kálòlò, ẹ̀wù ẹ̀ mọ́. Kí n káwọ́ gbera? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Mo sáré lọ bá Gómìnà. Páálí ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dìde! Ó ní, "Ìwọ la pàtẹ́wọ́ fún, a ò pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ ẹ. Ta ló fẹ́ dójú ti ọmọ ìlú níwájú àlejò?" Ó tún ní, "Àmọ́ o gbìyànjú o. Ibi kùrukùru yẹn, ó wọ̀ mí lára."

Gbogbo wọn. Gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́ torí wọ́n fẹ́ràn mi. Mi ò rí irú àjálù yìí rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Omi tán nílé. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí n lọ pọn ọ́n wá. Ó ní a jọ máa lọ, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ omi ní ìsàlẹ̀ fẹ́ kí òun mú ọmọ rédíò wá fún àwọn wò.

Ìgbà tá a ń padà bọ̀, mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, òun gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré. Ó dé ibi òkúta pẹlẹbẹ, ó jókòó. Ìtẹ́ ọba. Ó di orúnkún ẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó dijú. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní dókítà ti kìlọ̀ fún òun láti ọdún tó kọjá pé kí òun má gun àtẹ̀gùn mọ́, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí orúnkún náà ò ní gbé òun mọ́. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́ fún mi? Ó ní, "O máa ń délé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ṣé orúnkún ni ká fi kí ẹ káàbọ̀?"

Kò bínú. Ó tiẹ̀ fọwọ́ gbá òkúta náà pẹ́pẹ́. Ó ní, "O yìn ín dáadáa lọ́jọ́sí. Àmọ́ o ò sọ fún wọn pé ó tutù."

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́ kẹ́ẹ̀gì méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ní ìgboro. Mo ní mo wá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Akọ̀wé, obìnrin kan tó ń fi bírò ha etí, tú ojú ká. "Ìwọ lo sọ ti kùrukùru yẹn? Wọ́n gbà á sínú ẹ̀rọ, ọ̀gá àgbà gbọ́ ọ, ó sunkún." Mo ní ẹ bá mi bẹ ọ̀gá kí wọ́n nu ojú wọn. Mo ní ará ìlú fẹ́ lọ. Mo ní èmi nìkan ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò sì gbé ibẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ìlú dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣé ìwọ lo mọ tinú wọn jù wọ́n lọ?"

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò fọ́. Ó pa. Ó ti di adìyẹ, ó ń rìn kiri ọ́fíìsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Màmá ti fi aṣọ wé ẹ̀rọ ìránṣọ. Mi ò tíì sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n." Ó ní kí n bá òun di páálí mú, òun fẹ́ so okùn. Mo di páálí mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Láàárọ̀ yìí, ọkùnrin kan gun òkè wá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iléèwé, ó mí hẹlẹ, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìlú pé jọ. Wọ́n ní kí ọmọ rédíò kà á, torí òun ló mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo kà á. Gómìnà ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Màmá mú kẹ́ẹ̀gì, ó ní omi ò sí nílé, ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ kí oòrùn tó mú. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí ìwé náà ṣe wà nìyí:

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ARÁ ÌLÚ ORÍ ÒKÈ

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ṣíṣí ìlú nípò ń fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún yín pé, lẹ́yìn tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ìlú yín, tí a sì fi ojú ara wa rí i bí tọmọdé-tàgbà ṣe dìde láti fọwọ́ sí i, ó ti yé wa pé ẹ kò fẹ́ kúrò. Ìjọba kì í ṣe òǹrorò. A ti fagi lé ètò náà. Òkè mìíràn ni a ó fọ́, àwọn ará ibẹ̀ ni a ó sì kó sínú àwọn ilé tí a ti kọ́.

Kí ẹwà tí ọmọ yín ròyìn má baà bàjẹ́, a ti sọ ìlú yín di ibi ìtọ́jú. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa omi ẹ̀rọ wọ inú rẹ̀, tàbí kí ó la ọ̀nà ọkọ̀ sí i, tàbí kí ó tún àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe.

A fi ọjọ́ méje sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ohunkóhun láti sọ lòdì sí ìpinnu yìí. Ọjọ́ méje náà pé lánàá.